Jíì àti Éèṣì

Ọjọ́ Ẹtì ni àpèkọ, lẹ́yìn tí a bá gbálẹ̀ kíláàsì tán.
Tíṣà Ọnàfúwà á dúró síbi fèrèsé tó kọjú sí ọ̀sà Ìwọ̀pin,
á pe ọ̀rọ̀ mẹ́wàá, ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì.
Ìrù kan náà ni gbogbo wọn ń jù:
night, light, right, fight,
bí ọmọ ìyá tí wọ́n rán bùbá fún láti ara ìgàn kan.

Mo gbọ́ náìtì, mo kọ ọ́ bí etí mi ṣe gbà á:
n, a, i, t.
Ṣebí ohun tí etí gbọ́ ni ọwọ́ ń kọ?
Ní tiwa, b tí o bá rí, b ni.
Kódà g àti b tí wọ́n so pọ̀, wọ́n jọ ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ni:
gbàgede, gbọọrọ, gbẹ̀gìrì,
kò sí èyí tó wá jókòó lásán síbi iṣẹ́ ọ̀wẹ̀.

Òdo nínú mẹ́wàá. Bírò pupa.
"Jíì àti Éèṣì wà láàárín," ni Tíṣà wí.
"A máa ń kọ wọ́n. A kì í pè wọ́n."
Múfúlíátù rẹ́rìn-ín. Òun gba mẹ́jọ.

Mo gba ẹ̀gbẹ́ ilé iṣẹ́ pépà relé,
ilé ràgàjì tó ti dákẹ́ kí wọ́n tó bí mi.
Ìwé tí mo gbé dání,
ibòmíràn ni wọ́n ti kó o wá.

Ìyá Orímisàn wà nídìí ẹní tó ń hun,
ìyá tó bí bàbá mi,
tí ọkọ̀ ojú omi gbé wá láti Ìlàjẹ
pẹ̀lú àpótí kan àti ahọ́n ilé wọn.
Ọgọ́ta ọdún, àpótí ti jẹrà,
ahọ́n ò yẹ̀.
"Eghó" ló ń pe owó. "Ọghọ́" ló ń pe ọwọ́.
Àwa ọmọdé á sá sẹ́yìn ilé, a ó máa sín in jẹ,
a ó máa ha ọ̀fun bí ẹni tí egungun ẹja há.

Ó ní, "Ta ló nà ọ́?"
Mo ní kò sẹ́ni tó nà mí.
Mo ṣàlàyé lẹ́tà méjì náà fún un,
àwọn tó wọlé tí wọn ò kí onílé.
Ó ti koríko kan bọ abẹ́ ìkejì, ó fà á le.
"Ta ló pa wọ́n lẹ́nu mọ́?"
N kò mọ̀.
"Kí wọ́n tó pa wọ́n lẹ́nu mọ́ ńkọ́, kí ni wọ́n ń wí?"
Tíṣà ò kọ́ wa níyẹn.
Mo gbìyànjú. Mo di g mú lọ́fun,
mo jẹ́ kí h gba ibẹ̀ kọjá bí atẹ́gùn abẹ́ ilẹ̀kùn.
Gh.
Gh.
Ìyá Orímisàn fi ẹní sílẹ̀.
"Háà! Èyí tí ẹ fi ń ṣe mí ní yẹ̀yẹ́ kọ́ nìyí?"
Ó na ọwọ́ ọ̀tún sókè, ó fì í lójú mi, èékánná dúdú fún omi koríko:
"Ọghọ́! Ọghọ́ nìyí! Ta ló ní wọ́n yadi?"

Ọjọ́ Ẹtì kejì, mo ń pè wọ́n lábẹ́ èémí,
ni-gh-t, li-gh-t,
bí obìnrin Ìlàjẹ tó ń kiri ẹja lórí omi.
Tíṣà dúró lẹ́yìn mi. "Kí lò ń kùn?"
"Kò sí nǹkan kan, sà."
Mẹ́sàn-án ni mo gbà.
Ìkẹwàá ni kite, tí Tíṣà fi dẹ pàkúté.
Mo fi gh sínú òun náà;
àánú rẹ̀ ló ṣe mí.

Nírọ̀lẹ́, Ìyá Orímisàn tú etí ìró rẹ̀.
"Gba eghó, fi ra búrẹ́dì."
Múfúlíátù ń wò mí láti ẹnu ọ̀nà, ó ń retí kí n sín in jẹ.
Mo na ọghọ́ mi,
mo gbà á.